Inú ló ní ó ń run òun: ìṣẹ̀lẹ̀ ọmọkùnrin kan tí kórópọ̀n rẹ̀ lọ́ lóru

Ọmọ ọdún 14 ni ọmọ náà, ó wà ní JS3, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, bàbá rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí òkè ọya. Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ mú. Kò ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, wọn ò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un rí. Nírọ̀lẹ́ Sátidé ó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bọ́ọ̀lù ò bà á lábẹ́, ẹnikẹ́ni ò ta á nípàá. Ó wẹ̀, ó jẹ àmàlà, ó sùn.

Ìyá ọmọ náà ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn òbí mìíràn, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹnu ìyá, ẹnu ọmọ, ẹnu àbúrò ìyá rẹ̀ àti inú ìwé tí àwọn dókítà kọ ni mo ti ṣa ohun tí ẹ ó kà yìí jọ.

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ nígbà tí ìrora ta á jí. Ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá àgbà, ó ní, "Màmá, inú ń run mí." Ó di ikùn mú nísàlẹ̀, lápá òsì. Èébì gbé e, ó bì lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ tó fẹ́ràn súùtì àti bisikíìtì ni, nítorí náà jẹ̀dí ló kọ́kọ́ sọ sí ìyá àgbà lọ́kàn. Ó bu àgbo fún un nínú ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ náà mu ún, ó pọ̀ ọ́ padà.

Kò purọ́ o. Inú ń run ún lóòótọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin ṣì wà nínú oyún, òkè lọ́hùn-ún lẹ́bàá kíndìnrín ni kórópọ̀n rẹ̀ ti ń hù. Ó di oṣù bíi méjì tó gbẹ̀yìn oyún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹpọ̀n, àpò tí wọ́n ń wà nínú rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ ni wọ́n ń fà tẹ̀lé ara wọn bọ̀ láti òkè yẹn. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi lè máa ṣe kórópọ̀n kó jẹ́ ikùn ni ènìyàn á dì mú. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ikùn nìkan ni wọ́n ń mọ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìsàlẹ̀ náà ń dun òun. Ó sọ fún mi ní ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, ó dojú kọ ògiri bó ti ń sọ ọ́. Ojú ń tì í. Kò mọ irú ọ̀rọ̀ tí òun ì bá fi sọ ọ́ fún ìyá àgbà tí kò ní dà bí ẹni tó ń sọ ìsọkúsọ sí àgbàlagbà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lóru yẹn nìyí. Okùn kan tó ti inú ikùn wá ni kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan rọ̀ sí, inú okùn náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin, kórópọ̀n lẹ̀ mọ́ ara ẹpọ̀n lẹ́yìn, kò lè yí. Lára àwọn kan, kò lẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kàn ń mì nínú àpò rẹ̀ bí ahọ́n agogo. Bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn, kì í ṣe àìsàn tí wọ́n kó, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì lo ayé wọn tán láìmọ̀. Àmọ́ irú kórópọ̀n bẹ́ẹ̀ lè yí po lórí okùn ara rẹ̀, àní lójú oorun. Tó bá ti yí, okùn á lọ́, ẹ̀jẹ̀ á dí. Ó lè ṣe ọmọ tuntun, ó lè ṣe àgbàlagbà, ṣùgbọ́n láàárín ọdún 12 sí 18 ló pọ̀ sí jù, nítorí ìgbà ìbàlágà ni kórópọ̀n ń tóbi, tó ń wúwo. Àwọn dókítà ní ilẹ̀ olótùútù sì ti kíyè sí i pé ó ń pọ̀ sí i nígbà tí òtútù bá mú, nítorí òtútù ń mú kí ẹran tó ń fa kórópọ̀n sókè sún kì.

Láti ìṣẹ́jú tí ẹ̀jẹ̀ ti dí ni wákàtí ti ń ka. Bí wọ́n bá tú u láàárín wákàtí 6, ó lé ní 90 nínú 100 tó ń yè. Tó bá tó wákàtí 12, ó ti kù bí ìdajì. Tó bá kọjá wákàtí 24, kì í sábà tó 10 tí wọ́n ń rí gbà là. Ti ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì òru. Bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ṣe ń lù ni àǹfààní tó dára jù ń kọjá lọ, nígbà tí ìyá àgbà ń wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì.

Kì í ṣe pé wọ́n fi í sílẹ̀ láìwò. Aago méje ni wọ́n ti wà ní kẹ́mísìtì. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ tẹ ikùn rẹ̀, ó béèrè bó ṣe ṣu, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ibà ni, àti jẹ̀dí díẹ̀. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó di oògùn ibà àti Flagyl fún un. Abẹ́rẹ́ yẹn mú un. Ìrora rọlẹ̀, gbogbo ilé dúpẹ́, ìyá àgbà lọ sí ìsìn, ọmọ dùbúlẹ̀. Èyí máa ń bà mí nínú jẹ́ ju àgbo lọ. Àgbo ò yí nǹkan kan padà, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ìrora mú kí gbogbo ènìyàn sinmi. Tó bá sì yá, ìrora lè dín kù fúnra rẹ̀ láìsí abẹ́rẹ́, kì í ṣe pé ó ti sàn, ohun tó ń dunni ló ti kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á di ẹ̀bi ru ìyá àgbà. Èmi ò bá wọn dì í. Obìnrin tó lé ní 70 ọdún, tí ọmọ sọ fún un pé inú ń run òun, inú ló tọ́jú. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ aláìsàn, tó tẹ ikùn ọmọkùnrin tó ń bì, ló yẹ kó béèrè ohun tó kù nísàlẹ̀ ikùn.

Ọ̀sán ni àbúrò ìyá rẹ̀, mẹkáníìkì, yà kí wọn. Ó rí ọmọ náà bó ṣe ń ya ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìtọ̀. Kò sọ̀rọ̀ lójú àwọn obìnrin. Ó pè é wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Bọ́ ṣòkòtò, jẹ́ kí n rí i." Ọmọ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá." Ẹpọ̀n òsì ti wú, ó pọ́n, kórópọ̀n ìhà yẹn sì fà sókè ju ti ọ̀tún lọ. Ọwọ́ ò kàn án tán tí ó fi figbe ta.

Láti yàrá yẹn dé ibi tí ọkọ̀ wà, ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ohun tó ń ṣe é. Ó yẹ ká gbọ́ tiwọn, nítorí pé kò sí èyí tó sọ ohun tí kò sí nínú wọn. Ti ọmọ yìí nìkan ni kì í ṣe.

Bàbá kan ní ìpá ni, kí wọ́n fi àdí àti omi gbígbóná jó o. Ìpá ni ohun tó mọ̀. Nígbà èwe rẹ̀, kò sí abúlé tí kò ní àgbẹ̀ kan tó ń gbé ìpá rìn lábẹ́ kẹ̀ǹbẹ̀. Omi ló máa ń wà nínú ìpá bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn, aràn tíńtín kan tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn ló fà á, Wuchereria bancrofti lorúkọ rẹ̀, òun náà ló ń fa jàbùtẹ̀. Oògùn ivermectin àti albendazole tí ìjọba ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n fi ń lé e, ó sì ṣeé lé: ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè Tógò ti ṣẹ́gun àrùn náà, àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é ní gbogbo gúúsù Sàhárà. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn kì í fa omi tó ti wà nínú ìpá gbẹ, iṣẹ́ abẹ ló ń ṣe ìyẹn. Fífi abẹ́rẹ́ fa omi náà jáde ò wúlò tó bí àwọn kan ṣe rò, ó sábà máa ń kún padà, kòkòrò sì lè gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Àwọn ọmọ jòjòló mìíràn wà tí wọ́n ń bí ti ìpá ti ìpá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún kan tàbí méjì. Ìpá omi ń rọra wú ni, ní oṣù, ní ọdún. Kì í sábà dunni. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́yìn nínú òkùnkùn, ìmọ́lẹ̀ á là á já. Kì í jí ọmọ láti ojú oorun. Ẹni tó bá ní in lè mú ọjọ́ tó wù ú lọ rí dókítà, kó ṣáà lọ, nítorí ohun mìíràn lè fara pamọ́ sábẹ́ omi.

Irú wíwú kan wà tí àwa náà ń pè ní ìpá, tó jẹ́ pé ìfun ló yọ́ gba ìsàlẹ̀ ikùn wọ inú ẹpọ̀n. Èyí máa ń yọ nígbà tí ènìyàn bá dìde, tó bá wúkọ́, tó bá gbé nǹkan wúwo, á sì wọlé padà tó bá dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tó bá kọ̀ tí kò wọlé mọ́, tó le, tó ń dunni, tí onítọ̀hún ń bì, tí kò lè ṣu tí kò lè só, ìfun ti há nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe tì í wọlé tipátipá, ẹ má sì fi nǹkan gbígbóná jó o.

Obìnrin kan ní ó lè jẹ́ pé ó fi ara gba nǹkan níbi bọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni pé ìgbá tàbí ìtàpá lè mú ẹpọ̀n wú. Ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ yẹ kó máa lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Tí kò bá lọ, bóyá kórópọ̀n ti ya tàbí ó ti lọ́, ilé ìwòsàn náà ni.

Ẹnì kẹta ni ti kẹ́mísìtì, tí wọ́n tún dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àbúrò ìyá sọ ohun tó rí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé ó ti ń tẹ̀ lé obìnrin báyìí? Àtọ̀sí nìyẹn." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àtọ̀sí àti chlamydia, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, lè mú kórópọ̀n wú lóòótọ́ lára ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń bá obìnrin lò pọ̀. Lára àgbàlagbà, kòkòrò inú ìtọ̀ ló sábà máa ń fà á. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni tiwọn fi ń gbéra, ibà á wà níbẹ̀, ìtọ̀ á máa ta onítọ̀hún. Ṣegede náà lè sọ̀ kalẹ̀ sí kórópọ̀n ẹni tó ti bàlágà, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti kọ́kọ́ wú ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Àwọn wọ̀nyí ní oògùn tàbí ìtọ́jú tiwọn. Ohun tí kò tọ́ ni kí ẹnikẹ́ni wo ọmọ ọdún 14 tí ẹpọ̀n rẹ̀ ṣàdéédéé wú kó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtọ̀sí. Títí wọn ó fi fi hàn pé kò lọ́, ó lọ́ ni.

Èyí tí kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà ni jẹjẹrẹ. Kókó líle lára kórópọ̀n, tí kì í sábà dunni, lára ọkùnrin láti ọdún 15 sí bí 40. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Lance Armstrong, oníkẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ní 1996, ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n sì wò ó sàn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí ẹni tó bá fọwọ́ kan irú kókó bẹ́ẹ̀ lọ rí dókítà.

Aago mẹ́ta ni wọ́n dé ilé ìwòsàn ìjọba ìlú náà. Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde, kí àbúrò ìyá nìkan dúró, ó fa aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, ó sì sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọmọ náà kó tó fọwọ́ kàn án. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: kò sí ibà, ìtọ̀ mọ́, ẹpọ̀n òsì wú, kórópọ̀n lọ sókè ó sì dá bùú. Ó fi ìka ha inú itan rẹ̀ ní ọ̀tún, kórópọ̀n ọ̀tún fò sókè díẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó ha ti òsì, kò mira. Ó dìde, ó ní, "Kórópọ̀n rẹ̀ ti lọ́. Iṣẹ́ abẹ ni, òní yìí ni, kì í ṣe ọ̀la."

Ọjọ́ Àìkú ni, kò sí ẹni tó máa kun ọmọ lóorun níbẹ̀. Kò ní kí wọ́n dúró de ọjọ́ Ajé. Ó pe Ìbàdàn lórí fóònù, ó kọ lẹ́tà, ó ní kí wọ́n má fún un ní omi tàbí oúnjẹ kankan lójú ọ̀nà nítorí oògùn oorun. Ìyá àgbà ti fún un ní ògì lọ́sàn-án, ó sì kọ ìyẹn náà sínú lẹ́tà. Mo ti ka lẹ́tà tó pọ̀. Èyí wà lára àwọn tó dára jù.

Wọ́n dé Ìbàdàn lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì, ó ti ń wá owó àsansílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pè é. Ẹnì kan dárúkọ síkáànù, irú èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn hàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ohun tó dára ni nígbà tí nǹkan bá rúni lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí ara aláìsàn ti sọ̀rọ̀ tán, dídúró de síkáànù ń jẹ àkókò ni. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wákàtí 19 ti kọjá.

Okùn ti yí lẹ́ẹ̀mejì gbáko. Kórópọ̀n òsì ti dúdú. Wọ́n tú u, wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wé e, wọ́n dúró wò ó bóyá àwọ̀ rẹ̀ á padà. Kò padà. Wọ́n là á díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa ò jáde. Wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ọ̀tún. Bí ti òsì ṣe rí ni tirẹ̀ náà rí, òun náà ò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Wọ́n rán an mọ́lẹ̀ ní ojú mẹ́ta kó má bàa yí láé. Rírán ọ̀tún yẹn ni ìdí pàtàkì tí wọn ì bá fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá. Nítorí náà ẹni tó bá ti pẹ́, kó má sọ pé kò wúlò mọ́.

Láti Kánò ni bàbá ọmọ ti pè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò béèrè ohun mìíràn: "Ṣé ọmọ mi á bímọ?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Kórópọ̀n kan tó dára tó fún irùngbọ̀n, fún ohùn, fún okun ọkùnrin, ọ̀pọ̀ tó ní ẹyọ kan ló sì ń bímọ. Ìyá àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wọ aṣọ funfun bóyá àgbo òun ló sun ún. Ìgbà tí dókítà àgbà wá kúnlẹ̀ sọ fún un pé, "Màmá, àgbo yín kọ́, ó ti lọ́ kí ẹ tó bu àgbo," ló tó jẹun.

Ìgbà tí ẹ̀rù kúrò lára ọmọ náà ló sọ èyí tí kò tíì sọ. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Kérésì, ibẹ̀ kan náà ti dùn ún bẹ́ẹ̀ rí, ó mú un fún bí wákàtí kan, ó sì lọ. Ó ti lọ́, ó sì tú ara rẹ̀. Èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ kó tó di ọjọ́ tí kò ní tú. Ìrora òjijì tó wá tó lọ lára kórópọ̀n tó láti mú ọmọ lọ rí dókítà oníṣẹ́ abẹ, nítorí wọ́n lè rán méjèèjì mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án gangan, láìsí ìkánjú, kó tó pàdánù ọ̀kan.

Ìyá rẹ̀ béèrè nípa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, bóyá kí wọ́n rán tirẹ̀ náà. Dókítà ní a kì í ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí nǹkan kan ò ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń wà nínú ìdílé nígbà mìíràn, nítorí náà kí wọ́n sọ fún un, kí wọ́n sì bá a sọ ọ́ tààrà.

Ó lọ sílé ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní kó máa wọ pátá tó dì í mú, kó má gbá bọ́ọ̀lù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá sì dàgbà tán tí àyè tó ṣófo yẹn ń dùn ún lọ́kàn, ohun kan wà tí wọ́n lè fi síbẹ̀ tó dà bí kórópọ̀n. Okùn tí wọ́n fi rán ọ̀tún kì í yọ́, wọn kì í sì í yọ ọ́. Síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì rẹ̀ pé bí ọ̀tún bá dùn ún lójijì ní ọjọ́kọ́jọ́, òru tàbí ọ̀sán, kó wá kíákíá, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rán mọ́lẹ̀ pàápàá ti lọ́ rí.